Òjò Àrọ̀kúrò àti Iṣẹ́ Ìlú ní Alímọ̀ṣọ́

Ní ayé àwọn baba wa, bí òjò àrọ̀kúrò bá ń palẹ̀ mọ́, ọ̀pọ̀ ìlú a máa ro ọ̀nà odò àti ọ̀nà ọjà. Akéde a lu agogo. Agbo ilé tí kò bá yọjú a san ìtanràn.

Nígbà tí ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon gbógun ti ìwà àìníjàánu, ìmọ́tótó di ọ̀ràn òfin. Ní Èkó, a kì í rìn ní òwúrọ̀ Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù. Ní oṣù kọkànlá 2016, lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́, ìjọba Èkó fagi lé ìsénimọ́lé náà.

Òfin lọ, gọ́tà kò lọ. Ní Ìkọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò, ọkọ̀ PSP lè kó ìdọ̀tí inú garawa. Kì í ṣe òun ni yóò kó ẹrẹ̀ ojúde onílé. Ààtàn Solous ní Ìgándò sì ti kọ́ wa pé ìdọ̀tí tí a gbé kúrò níwájú ẹnìkan, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ni ó ń lọ.

Ẹ̀yin àgbà àti olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé iṣẹ́ ìlú ti wà kí òfin tó dé. Omi tí kò rọ́nà lọ kì í béèrè ẹni tí ó ni ilé kó tó wọlé.