Ta Ló Fi Nọ́ńbà Sí Àwọ̀ Òwú?

Ẹni tó bá ra àwòṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lónìí, ìbáà ṣe òdòdó kékeré tí yóò dá sí etí aṣọ ìnujú, ìbáà ṣe ẹyẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, yóò bá ìwé pélébé kan nínú rẹ̀. Ìwé náà ti parí gbogbo ọ̀rọ̀: àmì báyìí, nọ́ńbà báyìí, ibi tí ó bá dúdú, òwú 310 ni kó o fi sí i. Kò kù fún oníṣẹ́ ju kó máa ka igun, kó sì máa fa abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ gbà pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí láti ìpilẹ̀ nìyẹn, àti pé ẹni tó bá pààrọ̀ àwọ̀ ti ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Ìtàn ò tì wọ́n lẹ́yìn. Àlejò ni ìwé nọ́ńbà yìí nínú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ọjà ló sì bí i, kì í ṣe ojú. Bí iṣẹ́ bá ti kéré, kò sí ìdí tí ẹni tó ni abẹ́rẹ́ kò fi ní yan àwọ̀ fúnra rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1523, Johann Schönsperger, òǹtẹ̀wé ní ìlú Augsburg ní Jámánì, tẹ ìwé àwòṣe kan jáde fún àwọn tó ń dá ọnà sí aṣọ. Òun ni wọ́n sábà máa ń kà sí àkọ́kọ́ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi tàn ká Yúróòpù. Èyí tí Federico Vinciolo gbé jáde ní Paris ní 1587 tà débi pé wọ́n ń tún un tẹ̀ léraléra. Tàdáwà dúdú lórí ìwé funfun ni àwọn ìwé wọ̀nyí. Wọ́n fi ìlà hàn, wọ́n fi igun hàn, ṣùgbọ́n ní ti àwọ̀, wọ́n panu mọ́. Ẹni tó rà á ni yóò yẹ agbọ̀n òwú rẹ̀ wò, tí yóò sì pinnu bóyá àjàrà inú ìwé yóò di pupa tàbí àwọ̀ ewé. Ó lé ní 250 ọdún tí iṣẹ́ náà fi ń lọ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní ó le jù.

Berlin ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ní 1804, ọ̀gbẹ́ni Philipson tó ń ta àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòṣe sórí ìwé onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, ó sì ń san owó fún àwọn tó ń fi ọwọ́ kun igun kọ̀ọ̀kan. Ní nǹkan bí 1810, ìyàwó ọ̀gbẹ́ni Wittich, tí òun náà wà nídìí òwò àwòrán, rí i pé owó wà nínú rẹ̀, ó sì rọ ọkọ rẹ̀ títí ó fi dá a lé. Miss Lambert, tó kọ ìwé lórí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1842, ní àwòṣe tó ti jáde láàárín 1810 sí 1840 kò dín ní 14,000. Ká má purọ́, oore ni àwọn ará Berlin ṣe. Obìnrin tí kò mọ àwòrán yà, tí kò sì lówó tí yóò fi wá ayàwòrán, dẹni tó lè ṣe òdòdó tó dà bí òdòdó. Ṣùgbọ́n ìdánilójú ni òǹtajà ń tà: ṣe é bí mo ṣe kùn ún, kò ní bà jẹ́. Bí àwòrán ajá kan náà ṣe dùbúlẹ̀ sórí tìmùtìmù kan náà láti ilé dé ilé nìyẹn.

Nọ́ńbà gan-an tún dúró de kẹ́míkà. Ní 1856, William Henry Perkin, ọmọ ọdún 18, ń wá bí yóò ṣe ṣe oògùn ibà láti inú ohun tí wọ́n ń rí lára èédú. Àwọ̀ elésèé àlùkò ló bá pàdé. Láti ìgbà náà ni aró ilé-iṣẹ́ ti ń rọ́ dé, tí àwọ̀ àná àti tòní sì lè jọra bí ìbejì. Ibi tí àwọ̀ bá ti jọra bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ti wúlò. DMC, ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Mulhouse ní 1746 pẹ̀lú aṣọ alárànbarà, tó wá di ìlú-mọ̀ọ́ká nídìí òwú, ń ta 500 àwọ̀ òwú ọnà báyìí. Àwa Yorùbá ní pupa, funfun àti dúdú, a sì fi ewé, aró, eérú àti ìyeyè pe ìyókù. Ibo la ó ti rí ewé àti èso tó máa tó 500? Kò sí ẹ̀bi fún òǹtajà tó fi nọ́ńbà pe òwú rẹ̀. Kìkì pé nọ́ńbà ń sọ ibi tí òwú wà nínú àpótí ìsọ̀ ni, kò sọ bí yóò ṣe rí lára aṣọ.

Ẹni tó fìdí èyí múlẹ̀ kì í ṣe oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ rárá. Ní 1824, wọ́n fi Michel-Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà, ṣe olórí aró rírẹ ní Gobelins ní Paris, níbi tí ìjọba Faransé ti ń hun aṣọ alárà tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri. Ẹjọ́ ló bá níbẹ̀. Àwọn ahunṣọ ní òwú dúdú kò dúdú tó, pàápàá bí wọ́n bá fi ṣe òjìji lára aṣọ aláró. Chevreul kó òwú dúdú láti ibòmíràn, ó fi wọ́n wéra, ó rí i pé aró kò lẹ́bi. Aládùúgbò ló lẹ́bi. Dúdú tó bá sún mọ́ aró máa ń dà bí ẹni pé ó ti ṣá, nítorí ojú ẹni kì í wo àwọ̀ kan lóun nìkan. Ó máa ń fi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó tẹ ìwádìí náà jáde ní 1839, àwọn ayàwòrán sì ń lò ó títí dòní. Ẹ wá wo ohun tó túmọ̀ sí fún ìwé pélébé wa. Aṣọ funfun ni ẹni tó ṣe àwòṣe sábà máa ń fi dán òwú rẹ̀ wò. Bí o bá gbé nọ́ńbà kan náà sórí aṣọ tí a rẹ láró, o ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà, bó o tilẹ̀ tẹ̀ lé ìwé délẹ̀délẹ̀. Yálà o fẹ́ yàn tàbí o kò fẹ́, o ti yàn.

Wọ́n á ní owó ńkọ́, òwú tí a fi ṣàṣìṣe ti ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìdì òwú kan gùn ní mítà 8, fọ́nrán mẹ́fà ló sì wà nínú rẹ̀. Bí a bá ń lo fọ́nrán méjì-méjì, mítà 24 la ní lọ́wọ́, òdòdó tí kò ju ìka mẹ́ta lọ kò sì ní jẹ ẹ́ tán. Bí ewé kan kò bá wuyì, ẹ tú u. Orí tìmùtìmù ńlá tí yóò gba oṣù mẹ́fà ni ẹ̀rù ti yẹ, kì í ṣe orí etí fìlà. Àwọn mìíràn á ní àwọn ò lójú àwọ̀. Àwọn náà ni wọ́n ń fi gèlè wé ìró lójú ìsọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, tí wọ́n á sọ pé èyí pa á, èyí gbé e yọ! Ojú kan náà ni. Ohun tó máa ń tàn án jẹ ni pé a máa ń wo orúkọ àwọ̀, a kì í wo bó ṣe mọ́lẹ̀ tàbí ṣókùnkùn tó. Pupa àti àwọ̀ ewé lè jìnnà síra lórúkọ, kí wọ́n sì ṣókùnkùn dọ́gba. Òdòdó á wá rì sínú ewé rẹ̀. Ẹ tẹ́ òwú mẹ́ta sórí aṣọ náà gan-an lẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án, ẹ fi fóònù yà á, kí ẹ sì yọ àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò náà. Méjì tó bá di eérú kan náà, ẹ pààrọ̀ ọ̀kan.

Àwọn àwọ̀ kan wà tí kì í ṣe tẹni tó ń rán an. Àsíá Nàìjíríà kò lè di aláró, báàjì ilé ìwé kò sì ṣeé fi ìyeyè dá lárà nítorí pé ìyeyè ló wà nínú agbọ̀n. Àmọ́ àwọn tó ń sọ pé ọnà gbọ́dọ̀ ta yọ dandan, kí wọ́n wo àwọn agbádá sányán àtijọ́ kan. Òwú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá aṣọ náà dọ́gba ni àwọn tó dá ọnà sí i lò. Lókèèrè, ojú kò rí nǹkan kan. Ìgbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá yípo, tí oòrùn sì fẹ̀gbẹ́ kàn án láyà, ni ọnà náà tó yọ.