Bí Òfin Ṣe Dá sí Ọ̀rọ̀ Owó Ilé l'Ékòó

Kí ọdún 2011 tó dé, ẹni tó bá ń wá yàrá l'Ékòó mọ̀ pé owó ọdún méjì ni onílé yóò béèrè, nígbà mìíràn ọdún mẹ́ta, kí owó ajẹ́ǹtì àti ti lọ́yà tó gorí rẹ̀. Bí owó ilé bá sì pẹ́, àwọn onílé kan kì í dúró de kóòtù. Wọn a yọ ilẹ̀kùn, wọn a já wáyà iná, wọn a ṣí páànù lórí ayálégbé láàárín òjò, títí yóò fi kó ẹrù rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe pé kò sí òfin tẹ́lẹ̀. Ìjọba ológun ṣe ọ̀kan lọ́dún 1976, wọ́n tún ṣe òmíràn lọ́dún 1997, nígbà tí Buba Marwa ń ṣàkóso Èkó. Ti 1997 yìí ka iye tí onílé lè gbà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n náírà ń já wálẹ̀, símẹ́ǹtì ń gbówó lérí, iye inú ìwé kò sì kúrò lójú kan. Àwọn onílé pa á tì.

Òfin tí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lù lóṣù kẹjọ ọdún 2011 gba ọ̀nà mìíràn. Àsansílẹ̀ ló dì mú. Ayálégbé tuntun kò gbọdọ̀ san ju owó ọdún kan lọ. Ẹni tó ti wà nínú ilé tó ń san lóṣooṣù kò gbọdọ̀ san ju ti oṣù mẹ́fà. Ìtanràn ẹni tó bá rú èyí jẹ́ 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Onílé tó bá fipá lé ayálégbé láìgba àṣẹ kóòtù, ìtanràn tirẹ̀ lè tó 250,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Òfin náà kò kan Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà.

Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó ń dùn mí. Ẹni tó gba owó ọdún méjì àti ẹni tó san án, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi. Ó jọ pé àwọn aṣòfin kò fẹ́ kí olówó máa fi owó gọbọi gba ilé mọ́ tálákà lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá lọ fẹjọ́ sùn? Ẹni tí onílé há mọ́ igun, tó yá owó kún owó kí ọmọ rẹ̀ lè ríbi sùn, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní kóòtù. Ó dákẹ́, onílé sì ń gba ọdún méjì lọ.

Ní ti owó tó pẹ́, òfin náà kò ka iye kankan tí onílé lè bù lé e. Kóòtù ló ní kó lọ. Bí ẹni tó ń san lóṣooṣù bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, àdéhùn ti parí nìyẹn, kóòtù lè dá ilé padà fún onílé. Ìyà jẹ àwọn onílé náà níbẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ayálégbé fi ń sá sábẹ́ àṣìṣe inú nótíìsì tí onílé fi ní kó kó jáde, tí ẹjọ́ ń falẹ̀, tí owó kò sì wọlé. Lóṣù kejì ọdún 2021, nínú ẹjọ́ Pillars Nigeria Limited àti Desbordes, Adájọ́ Helen Ogunwumiju ti Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fòpin sí ìyẹn: bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá ti tẹ ayálégbé lọ́wọ́, ó ti gbọ́ pé onílé fẹ́ ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó ní Alausa, ẹ yọ ẹ̀bi kúrò lọ́rùn ẹni tó sanwó. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ máa gba rìsíìtì tó ka ọjọ́, iye owó àti oṣù tí owó náà wà fún. Ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ òfin 2011, onílé tó bá sì kọ̀, 10,000 náírà ni ìtanràn rẹ̀.