Igi Òdòdó tí Ajílẹ̀ Ń Pa

Ẹni tí ó bá ti ilẹ̀ Yorùbá dé ìlú Johannesburg ní oṣù kẹfà tàbí oṣù keje ọdún yóò kọ́kọ́ rò pé àjálù kan ti kọlu ewéko ibẹ̀ ni. Nígbà tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan ní Ìbàdàn àti ní Ìjẹ̀bú, gbogbo koríko ìlú náà a gbẹ táútáú, ìrì dídì a sì funfun lórí wọn ní òwúrọ̀. Orí òkè ni ìlú náà wà. Ó fi nǹkan bíi mítà 1,700 ga ju òkun lọ. Ìgbà òtútù rẹ̀ ni ọ̀gbẹlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú.

Omi tí wọ́n ń mu níbẹ̀, ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń wá. Inú odò Vaal ni a ti ń fà á, odò náà a sì máa rí ìrànwọ́ gbà láti orí òkè ilẹ̀ Lesotho, nípa ihò gígùn tí a gbẹ́ la inú òkè já. Nígbà tí a ti ihò náà pa ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 láti tún un ṣe, tí ìjọba ìlú sì fi òfin de omi lílò ní oṣù kọkànlá, ọ̀pọ̀ onílé ni ó jókòó tì ọgbà rẹ̀ tí ó ń wò ó bí ó ti ń rọ.

Síbẹ̀, lórí àwọn òkè olókùúta agbègbè náà, igi òdòdó kan wà tí kò bẹ̀rù ọ̀dá. Àwọn tí ń sọ èdè Afrikaans ń pè é ní suikerbos, èyí ni 'igi ṣúgà', nítorí oyin tí ó kún inú òdòdó rẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni òkè Suikerbosrand, tí ó wà lẹ́bàá ìlú Heidelberg, ti gba orúkọ. Protea caffra ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ kejì inú orúkọ yìí bá èébú tí a fi ń bú ènìyàn dúdú ní ilẹ̀ náà tan, kò sì sí ọmọ ènìyàn dúdú tí yóò fi tayọ̀tayọ̀ kọ ọ́ sára pátákó inú ọgbà rẹ̀. Ní ọdún 2024, nígbà tí àwọn onímọ̀ ewéko àgbáyé pé jọ ní Madrid, ìbò 351 borí 205, wọ́n sì pinnu pé kí affra rọ́pò rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa má ṣe ṣì í mú fún ìbátan rẹ̀, Protea cynaroides, òdòdó ńlá tí í ṣe àmì orílẹ̀-èdè South Africa. Ará Cape ni ìyẹn, níbi tí ó jẹ́ pé ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀. Ohun tí ó mọ́ ọn lára yàtọ̀ pátápátá sí ti Johannesburg. Ìbátan wọn kan, Protea madiensis, tilẹ̀ ń hù ní àwọn ilẹ̀ olókè Nàìjíríà tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí ni pé a ti fi ọwọ́ ara wa pa ọ̀kan. Ọmọ àgbẹ̀ ni wá. Ohun tí a bá gbìn ni a ń bọ́. A da ìgbẹ́ adìẹ sí ìdí rẹ̀, a ń fi ọkọ́ ro ó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, a sì ń bomi rin ín láràárọ̀. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ewé rẹ̀ pọ́n, etí wọn dúdú bí ohun tí iná rà, igi náà sì kú. A di ẹ̀bi ru òtútù. Bàbá arúgbó kan tí ń tọ́jú ọgbà ní àdúgbò náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi wá léèrè pé ta ni ń gbé ìgbẹ́ adìẹ gun orí àpáta lọ fún àwọn tí ó wà lókè.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ilẹ̀ orí òkè wọ̀nyí kò lọ́ràá. Èròjà tí a ń pè ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Nítorí náà ni igi yìí ṣe ní ìdì gbòǹgbò tín-ín-rín, tí ó dà bí irun, tí wọ́n tẹ́ sí abẹ́ erùpẹ̀ gan-an, tí wọ́n sì ń wá ìwọ̀nba tí ó wà níbẹ̀ kiri. Ebi ni wọ́n mọ̀. Wọn kò mọ àyó. Bí a bá da ajílẹ̀ sí wọn, wọn yóò máa fà á títí yóò fi di májèlé nínú igi. Ọkọ́ tí a fi ń ro ìdí rẹ̀, gbòǹgbò wọ̀nyí gan-an ni ó ń gé.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín, kí ó wá ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí oòrùn ń pa láti òwúrọ̀ dé alẹ́, tí omi kì í dúró sí, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì kan díẹ̀. Ilẹ̀ amọ̀ kò bá a lára mu. Kí a gbìn ín nígbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀, kí a rọra yọ ọ́ láti inú ìkòkò rẹ̀ láì tú gbòǹgbò, nítorí pé bí ó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò ṣe é ṣí nípò mọ́. Kí a fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀. Bí koríko bá hù, ọwọ́ ni kí a fi fà á. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, kí a máa bomi rin ín dáadáa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bí òjò kò bá rọ̀. Lẹ́yìn náà, òjò ọ̀run tó o.

Kò yára dàgbà, ẹni tí ń kánjú kò sì ní gbádùn rẹ̀. Èèpo rẹ̀ nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí iná tí ń jó pápá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ fi ń kọjá lára rẹ̀ láì pa á. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i kí ó tó rà á, kí ó lọ sí ọgbà Walter Sisulu ní Roodepoort, tí a dá sílẹ̀ ní 1982, kí ó sì lọ nígbà òjò, nítorí ìgbà náà ni ó ń tanná.

A ti gbin òmíràn. Àwa kò bọ́ ọ, a kò ro ìdí rẹ̀, ọwọ́ sì ń yún wa gidigidi. Ní ọdún kẹrin ni ó kọ́kọ́ tanná, àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó funfun láàárín, àwọn ẹyẹ kéékèèké ẹlẹ́nu gígùn sì ti dé ìdí rẹ̀ kí àwa tó jí.