Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: Wákàtí Tí A Kì Í Kà

Ọ̀rọ̀ kan ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, láti Akínyẹlé títí dé Ọ̀nà-Àrà, pé Lọ́ńdọ̀nù kò jìnnà mọ́. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ máa fi èyí ṣe ìlérí fún àwọn ẹbí rẹ̀. Àwa kò jiyàn. Láyé àwọn baba wa, ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster a máa lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 láti Liverpool kí ó tó gúnlẹ̀ sí Èkó. Lónìí, láti Ìkẹjà dé Heathrow, nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni, èyí tí í ṣe 3,100 máìlì, ọkọ̀ òfurufú tí kò bá sì yà sí ibì kankan a máa rìn ín ní nǹkan bí wákàtí 6 àbọ̀.

Ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tààrà sí àríwá, lórí aṣálẹ̀ Sàhárà, nítorínáà aago kì í da arìnrìn-àjò láàmú. Nígbà ooru àwọn Òyìnbó, aago wọn àti tiwa dọ́gba. Nígbà òtútù, tiwọn fi wákàtí 1 rẹ̀yìn. Ti New York kò rí bẹ́ẹ̀: 8,400 kìlómítà, bí wákàtí 11, aago ibẹ̀ sì fi wákàtí 5 tàbí 6 rẹ̀yìn tiwa.

Ṣùgbọ́n Ìkẹjà kọ́ ni ilé wa. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 ń ti Mọ́níyà lọ sí Ẹ̀búté Mẹ́ta, 157 kìlómítà. Ó sún mọ́ ará Akínyẹlé. Ẹni tí ó ti Akánrán gbéra ní láti la Ìbàdàn já kí ó tó bá a, yóò sì tún wá mọ́tò mìíràn lọ sí Ìkẹjà. (Pápá ọkọ̀ òfurufú wà ní Aláàkíà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrìn àárín orílẹ̀-èdè ni a kọ́ ọ fún.) Ẹ rántí pẹ̀lú pé a ń fẹ́ kí èrò ti dé pápá ní wákàtí 3 ṣáájú. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá tún kún un, wákàtí 6 àbọ̀ ti di ọ̀sán kan àti òru kan.

Ibi òkú ni èyí ti ń dunni jù. Bàbá, Mùsùlùmí, kú ní Lálúpọn ní òwúrọ̀. Àwọn Ààfáà ti pé, sàréè ti wà ní gbígbẹ́. Ọmọ wà ní Peckham, ó ń sọ lórí tẹlifóònù pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró dè mí, wákàtí 6 péré ni.” Bí ọkọ̀ òní bá ti lọ ńkọ́? Ọ̀la ni. Wọ́n sin òkú. Inú bí ọmọ pé wọn kò dúró, inú bí àwọn àbúrò bàbá pé ó fi irọ́ dá wọn dúró títí oòrùn fi rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò purọ́. Ìrìn òfurufú nìkan ni ó kà. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì lè fi òkú pamọ́ sí mọ́ṣúárì, tiwọn yàtọ̀.

Ní èrò tiwa, kí àgbà ilé sọ fún ọmọ náà kíákíá pé a kò ní dúró, kí ó máa bọ̀ wá bá wọn ṣe fídáù ọjọ́ 8. Ọjọ́ 8 tó fún un láti wá tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó sì dé Lálúpọn.