Kettlebell méjì: ìbàdí ló ń jù ú, ọwọ́ kàn dì í mú ni

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kettlebell, irin ìdárayá tó ní ọwọ́ lókè, ní jíìmù, apá ló máa ń fẹ́ fi gbé e. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tó fúyẹ́, ó lè mú un jẹ. Àmọ́ bó bá di méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlógíráàmù 16, àṣírí á tú. Ìbàdí ló ni iṣẹ́ náà.

Níbo ni kettlebell ti wá?

Rọ́ṣíà ni. Girya ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè wọn láti ọdún 1704. Àwọn oníṣòwò ló kọ́kọ́ ń fi í wọn ọkà, kí àwọn alágbára tó sọ ọ́ di ohun ìdárayá. Pood kan, ìwọ̀n àtijọ́ wọn, fi díẹ̀ lé ní kìlógíráàmù 16. Ìdí nìyẹn tí irin 16, 24 àti 32 fi wọ́pọ̀ títí dòní: pood kan, ọ̀kan ààbọ̀, méjì.

Báwo lẹ ṣe máa jù ú?

Ẹ gbé irin méjèèjì sílẹ̀ síwájú yín díẹ̀. Ẹ ya ẹsẹ̀ ju bí ẹ ṣe ń yà á fún ẹyọ kan lọ, kí méjèèjì lè ráyè kọjá láàárín itan láì gbá orúnkún.

Ẹ má lóṣòó. Ìdí ni kí ẹ tì sẹ́yìn, bí ẹni tí ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀ tó ń fi ìdí ti ilẹ̀kùn. Orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ́jú bíi pákó. Ẹ fa irin náà sẹ́yìn gba àárín itan, kí ẹ sì na ìbàdí ṣánṣán lójijì. Irin á fò dé àyà.

Okùn jangilọ́fà lásán ni apá. Kò sẹ́ni tó ń gbé ọmọ orí jangilọ́fà sókè; títì là ń tì í lásìkò tó yẹ. Bí irin bá ń bọ̀, ẹ fa èémí sínú. Bó bá dókè, ẹ tú u jáde, fìì!

Ṣé kò ní pa ẹ̀yìn lára?

Lọ́dún 2012, Stuart McGill àti Leigh Marshall ní Kánádà fi irin kìlógíráàmù 16 ṣèwádìí. Wọ́n rí i pé jíjù ú báyìí ń ti egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sí òdìkejì ibi tí ẹrù gbígbé lásán ń tì í sí. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ìdí tí ara fi ń tu àwọn kan, tí ẹ̀yìn àwọn mìíràn sì ń ro wọ́n. Nítorí náà, ẹ fi irin kìlógíráàmù 8 méjì bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì rẹ̀ yín, ẹ má ju ẹ̀yìn sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gbé irin kalẹ̀.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe? Ẹ wo ìsàlẹ̀ irin nígbà tó bá dókè. Bó bá kọjú síwájú, ìbàdí ló jù ú. Bó bá ń wolẹ̀, apá ló ṣì ń jìyà.