Kíbọ́ọ̀dù tí ohùn rẹ̀ kún: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó náwó

Ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù ni mo gbé wá lónìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fà á. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ti fi odindi ọdún kan tọ́jú owó iṣẹ́ Sátidé rẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù, ó ní: "Ọ́ńkù, mo ti rí analogue synthesizer tí mo fẹ́ rà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó kí ẹlòmíì tó rà á." Mò ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń pariwo pé owó ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì san, kí n má lọ kó ọmọ òun sí gbèsè. Mo ní kí wọ́n dúró ná.

Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n dúró ni pé mo ti jìn sí kòtò yìí rí. Mo ra synthesizer àtijọ́ kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Nínú ilé, tí mo bá fi héèdìfóònù sétí, ohùn rẹ̀ dà bí oyin. A wá ní òde ìgbéyàwó kan ní gbọ̀ngàn kan ní Thamesmead, nínú oṣù kìíní ọdún, òtútù ń mú bí nǹkan míì. Mo ti fi í sínú bùútù ọkọ̀ mọ́jú. A dé ibẹ̀, mo kì í bọná, a bẹ̀rẹ̀. Kí ìyàwó tó jó dé àárín gbọ̀ngàn, kíbọ́ọ̀dù mi ti kúrò lórí ohùn tí gìtá wà. Onígángan yíjú wò mí. Ìyá ìyàwó náà yíjú wò mí. Mo yáa ká ọwọ́ kúrò, mo ń ṣe bíi pé mò ń wá wáyà.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ analogue. Kíbọ́ọ̀dù tó pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ bíi kọ̀ǹpútà. Ti analogue kò rí bẹ́ẹ̀. Iná ẹlẹ́tíríìkì fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀, gbígbọ̀n yẹn ni ìró. Ohun tó ń mú un gbọ̀n ni wọ́n ń pè ní oscillator. Lẹ́yìn náà ni filter, tó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ bo ẹnu: ohùn ṣì ń jáde, àmọ́ èyí tó ń ta létí á dín kù. Níbi tí ohùn ti ń kún gan-an ni ìgbà tí oscillator méjì bá jọ ń dún, tí ọ̀kan fi bíńtín yàtọ̀ sí èkejì. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí akọrin méjì bá ń kọ orin kan náà, ohùn wọn kì í bára mu géérégé? Òun ló ń jẹ́ kó dùn.

Ẹ má jẹ́ kí bọ́tìnnì ìyípo rẹpẹtẹ tàn yín jẹ o. microKORG tó jáde ní 2002, tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn, ó jọ analogue, ó sì ń gbìyànjú láti dún bẹ́ẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí adágún Southmere ní Thamesmead, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí yín. Etí omi yẹn ni Stanley Kubrick ti ya apá kan fíìmù A Clockwork Orange tó jáde ní 1971 (kì í ṣe ti ọmọdé o), synthesizer Moog ni Wendy Carlos sì fi ṣe orin rẹ̀. Moog tìgbà yẹn tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Minimoog, tí ẹnì kan lè gbé lọ sóde eré, jáde ní 1970. Nílé náà, William Onyeabor ti Enugu kó synthesizer jọ, ó fi wọ́n ṣe àwo láti 1977 títí di 1985. Nígbà tí King Sunny Adé sì ṣe Juju Music ní 1982 pẹ̀lú Martin Meissonnier, synthesizer wà níbẹ̀ láàárín gángan àti gìtá. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan yìí kì í ṣe tiwa, kò mọ ìtàn.

Ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ rà, irú Minimoog ni: ẹnu kan ló ní. Tẹ́ ẹ bá tẹ ìró mẹ́ta pọ̀, ọ̀kan ló máa dún. Ó dára gan-an fún béèsì àti fún orin ẹnu kan. Tẹ́ ẹ bá tan èyí tí wọ́n ń pè ní glide, ìró á máa yọ́ láti ibì kan dé ibòmíì, bí ìgbà tí onígángan bá fún ọsán ìlù rẹ̀. Mo ti fi tẹ "ẹ káàbọ̀" rí níbi ìnáwó, àwọn àgbà sì dá mi lóhùn.

Ṣùgbọ́n níbi ìyìn àti òde àríyá, ọwọ́ méjèèjì là ń lò. Èèyàn lè tẹ ìró mẹ́fà, méje, lẹ́ẹ̀kan náà. Korg minilogue tó jáde ní 2016 ní ẹnu mẹ́rin, kò sì wúwo ju kílò 2.8 lọ, èèyàn lè gbé e wọ bọ́ọ̀sì 177. Àmọ́ tí ìró karùn-ún bá wọlé, ó máa ti ọ̀kan nínú àwọn tó ti wà níbẹ̀ jáde. Prophet-6 ní mẹ́fà, owó rẹ̀ lágbára. DeepMind 12 ti Behringer ní méjìlá. Juno-106 ti Roland, ti 1984, ní mẹ́fà, chorus inú rẹ̀ sì jẹ́ kí gbogbo ayé máa wá a, àmọ́ wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ pé ègé tó ń gbé ohùn rẹ̀ máa ń kú bó ti ń darúgbó. Ẹ tẹ ìró mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ òtútù wá ńkọ́? Oscillator oríṣi méjì ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní VCO máa ń tẹ̀ lé bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tàbí tutù. Òun ló dójú tì mí. Èyí tí wọ́n ń pè ní DCO ní aago kan tó dì í mú, kì í kúrò lójú kan. Àwọn kan á ní VCO nìkan ló ní ẹ̀mí. Juno-106, tí gbogbo wọn ń yìn, DCO ni. Filter àti chorus ló pọ̀ jù nínú adùn náà. Fún àwa tí à ń gbé ẹrù láti inú ọkọ̀ tútù wọ gbọ̀ngàn gbígbóná, DCO ni màá kọ́kọ́ mú. Tó bá jẹ́ VCO, ẹ tàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í sọ fúnni ní ṣọ́ọ̀bù. Ohùn tó kún létí yín nínú ilé lè pòórá lórí ìtàgé. Gìtá béèsì, ìyáàlù àti ohùn àwọn ọkùnrin inú kwáyà ti gba ìsàlẹ̀ tán. Bí filter yín bá ti pa gbogbo òkè, kí ló kù? Ẹ ṣí i díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe nílé lọ, kẹ́ ẹ sì kúrò ní ìsàlẹ̀ fún béèsì. Ẹ gbọ́ ọ láti inú sípíkà ńlá pẹ̀lú ẹgbẹ́ yín, kì í ṣe héèdìfóònù.

Ẹ wo transpose náà. Àwọn aṣíwájú orin wa kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó gbé orin, ibi tí ẹ̀mí bá gbé wọn sí ni. Lórí synthesizer mìíràn, inú ètò tó jìn ni wọ́n fi í pa mọ́ sí. Kẹ́ ẹ tó rí i, wọ́n ti dé ẹsẹ kejì. Minimoog àtijọ́ kò ní ibi ìfohùnpamọ́ rárá, ọwọ́ lẹ fi máa tún gbogbo rẹ̀ tò láàárín orin méjì.

Tó bá sì wá láti Japan, fóòtì 100 ni ti àtijọ́ ń gbà níbẹ̀. Ti Amẹ́ríkà 120. Tiwa níbí 230, bíi ti Nàìjíríà. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í bọná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èéfín lẹ máa rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ẹlẹ́nu kan yẹn sílẹ̀. DeepMind 12 àlòkù ló rà níkẹyìn, owó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti gba èyí tó ṣẹ́kù pa mọ́. Sátidé tó ń bọ̀ la máa gbé e lọ sí ìgbáradì fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo ti sọ fún onígángan pé kó wá, kó má sì ṣàánú wa.