Ta Ni Òfin Kà sí Àjèjì Nínú Ọ̀rọ̀ Ilé Rírà ní Àbújá?

  

Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó olú-ìlú kúrò ní Èkó, ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá Mùsùlùmí ni a ti fi Àbújá ṣe ibùgbé. A ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a ń tọ́mọ níbẹ̀, a sì ń kọ́ mọ́sálásí síbẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n wà ní London, ní Houston tàbí ní Abidjan náà ń fi owó ránṣẹ́ pé kí a bá àwọn ra fúláàtì kan ní Gwarinpa, ní Lugbe tàbí ní Kubwa. Ṣùgbọ́n kí á tó gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó yẹ kí á mọ ẹni tí òfin gbà pé ó lè ní ilé níbẹ̀. Àwọn kan rò pé gbogbo ẹni tí kì í ṣe Gbagyi ni àjèjì ní Àbújá. Àwọn mìíràn rò pé ẹni tó bá ti sanwó ti di onílé. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà.

Ilẹ̀ Àbújá, ti Ìjọba Àpapọ̀ Ni

Ní ọdún 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wá ibi tí olú-ìlú tuntun yóò wà. Adájọ́ Akinọlá Agùdà, ọmọ Yorùbá, ni alága ìgbìmọ̀ náà. Òfin Kẹfà ti ọdún 1976 ni ó dá Àbújá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ olú-ìlú. Àwọn Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń gbé ibẹ̀ kí ó tó di olú-ìlú. Síbẹ̀, abala 297 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní agbègbè náà.

Nítorí náà, kò sí ìdílé ọmọ onílẹ̀ tí ó lè ta ilẹ̀ Àbújá fún wa bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ fún iye ọdún kan ni Mínísítà ń fi fún ènìyàn lórúkọ ìjọba. Ọdún 99 ni ó wọ́pọ̀ fún ilé gbígbé. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ yìí ni a ń pè ní C of O.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ilẹ̀ wà. Abala 43 nínú Ìwé Òfin sì fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ilẹ̀ àti ilé níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Ọmọ Ìwó tàbí Ìlọrin kì í ṣe àjèjì ní Àbújá. Òfin kò béèrè ẹ̀yà, kò sì béèrè ẹ̀sìn.

Ẹni tí Òfin Pè ní Àjèjì

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà ni òfin pè ní àjèjì. Ará wa láti Kétu, Sakété tàbí Pọ̀tò-Nóvò ní ilẹ̀ Benin lè máa sọ Yorùbá bíi tiwa, kí ó sì máa kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ṣùgbọ́n bí ìwé rẹ̀ bá jẹ́ ti Benin nìkan, àjèjì ni lójú òfin ilẹ̀. Ní ọdún 2017, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi èyí hàn gbangba nínú ẹjọ́ kan láàárín àjèjì kan àti ilé-iṣẹ́ kan: àjèjì kò lè béèrè ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀ bí ọmọ onílùú ti lè ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìkórìíra ni èyí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìlànà tirẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi àyè gba àjèjì láti ra ilé. Ní Sáúdì, òfin ọdún 2000 kò jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ ra ilé ní Mẹ́kà àti Mẹ̀dínà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, àfi nípa ogún tàbí wákáfù. Ọdún 2025 ni wọ́n gbé òfin tuntun jáde tí ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀ fún Mùsùlùmí.

Ọ̀nà tí ó mọ́ fún àjèjì ní Àbújá ni kí ó háyà ilé pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Ẹni tí ó bá wá dá okòwò sílẹ̀ lè forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ohun tí òfin gba ilé-iṣẹ́ náà láàyè láti ní.

Ọmọ Wa àti Aya Wa Láti Òkè Òkun

Ẹ má ṣe pe ọmọ yín ní àjèjì nítorí pé òkè òkun ni ẹ bí i sí. Abala 25 sọ pé ẹni tí a bí sí ẹ̀yìn odi, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Bí ó bá sì tún gba ìwé ìlú ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà, kò pàdánù tiwa. Ohun tí ó kù ni kí ẹ gba ìwé ìrìnnà Nàìjíríà fún un.

Obìnrin àjèjì tí ọmọ Nàìjíríà fẹ́ lè béèrè pé kí a forúkọ òun sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Nàìjíríà lábẹ́ abala 26. Kì í dé bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ yìgì o. Kí ọkọ bá aya rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò náà nígbà tí ó wà láàyè. Ọkọ àjèjì tí ọmọbìnrin wa fẹ́ kò sí nínú ètò yìí.

Ewu Fífi Orúkọ Ẹlòmíràn Bojú

Nítorí pé àjèjì kò lè ra ilé lórúkọ ara rẹ̀, àwọn kan máa ń sọ pé, “Alhaji, ẹ bá mi rà á lórúkọ yín.” Ẹ jẹ́ kí á rò ó wò. Alhaji gba owó, ó ra fúláàtì, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́jọ́ dé. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa àdéhùn ẹnu. Wọ́n rí ìwé, wọ́n sì pín ilé náà mọ́ ogún. Bí ẹni tí ó lowó bá lọ sí kóòtù, adájọ́ yóò bi í léèrè ìdí tí ó fi gba ẹ̀yìn òfin wọlé. Báyìí ni owó òógùn ọ̀kan ṣe ṣègbé, tí àmáànà sì wà lọ́rùn òkú, tí àwọn ọmọ òrukàn ń jẹ ohun tí kì í ṣe tiwọn láìmọ̀. Ẹni tí ó bá ti gba irú owó báyìí, kí ó tètè kọ ọ́ sínú wàsíyà rẹ̀, kí ó sì pe agbẹjọ́rò.

Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́

Èkíní, ẹ lọ yẹ ìwé ilẹ̀ náà wò ní AGIS, ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá, kí ẹ mọ̀ bóyá orúkọ ẹni tí ń tà á ni ó wà níbẹ̀, àti bóyá ó fi ilé náà dúró fún gbèsè.

Èkejì, ẹ gba ìfọwọ́sí Mínísítà. Ní ọdún 1989, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo pé àdéhùn tí kò ní ìfọwọ́sí tí òfin béèrè kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá jẹ́ fúláàtì nínú ẹ́sítéètì, ẹ béèrè ẹni tí ó ni ìwé ilẹ̀. Ó pẹ́ tí ó ti jẹ́ pé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó kọ́lé ni ìwé máa ń wà, tí olùrà kò ní ju rìsíìtì àti lẹ́tà lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni ìjọba Àbújá bẹ̀rẹ̀ ètò láti fún ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó ra ilé nínú irú ẹ́sítéètì bẹ́ẹ̀ ní ìwé tirẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fo yín dá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè owó ilẹ̀ ọdọọdún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun gba ẹ̀tọ́ ilẹ̀ 4,794 padà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jẹ owó yìí fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbèsè onílé àtijọ́ lè di wàhálà onílé tuntun.

Ẹ̀karùn-ún, òfin kò gbà kí a fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 ní ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀, àfi nípasẹ̀ alágbàtọ́ tàbí bí ó bá jogún rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú Islām, áyà tí ó gùn jùlọ nínú Àlùkùránì, áyà 282 nínú Súratul-Baqara, lórí àkọsílẹ̀ gbèsè àti ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú tàbí ìfẹ́ ará mú yín fo ohun tí Ọlọ́hun ka sí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kí Allāhu fi àlùbáríkà sí ilé wa, kí Ó má sì jẹ́ kí ohun tí a kó jọ di ìjà láàárín àwọn ọmọ wa. Āmīn.